Òrí Lára Fáàfù

Àwọn ará Èsìé kì í yé fi iṣẹ́ mi ṣe ẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní ìlú tí ewúrẹ́ lè fo odò rẹ̀ kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo jókòó sí tí mò ń tún ẹ̀wù àwọn òmùwẹ̀ ṣe. Bàbá kan tó máa ń gba iwájú ilé wa lọ sóko iṣu rẹ̀ kì í kọjá láì dúró bi mí pé, "Àwọn ẹja ò tíì wá gba ẹ̀wù wọn?" Èmi náà á ní wọ́n ti wá, wọ́n sì ní kí n kí i. A ó jọ rẹ́rìn-ín. Ká sọ tòótọ́, ẹ̀fẹ̀ náà ti sú mi tipẹ́, inú sì máa ń tètè bí mi, ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni, ó sì máa ń fún mi ní iṣu.

Etí ló dá mi padà sílé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń mùwẹ̀ ní etíkun, lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún páìpù ṣe nísàlẹ̀ òkun. Nígbà tí awọ etí mi ọ̀tún ya, dókítà ní n kò gbọdọ̀ wọ omi jíjìn mọ́. Wọn kò lé mi níbi iṣẹ́. Wọ́n fi mí sí yàrá tí wọ́n ti ń tún irinṣẹ́ ṣe, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú fáàfù palẹ̀. Lẹ́yìn tí mo padà wá sí Èsìé, àwọn òmùwẹ̀ tó mọ ọwọ́ mi kò yé fi ẹrù ránṣẹ́. Ọkọ̀ á gbé e dé gáréèjì Òmù-Àrán, ọlọ́kadà á gbé e dé ẹnu ọ̀nà mi. Bí iṣẹ́ omi ṣe bá mi dórí ilẹ̀ gbígbẹ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀wù náà fún ẹni tí kò rí i rí. Ẹ̀wù aláìlápá ni, ó nípọn, ó ní inú bí àpò, inú yẹn sì ni afẹ́fẹ́ máa ń wọ̀. Họ́ọ̀sì kan ń gbé afẹ́fẹ́ bọ̀ láti inú sìlíńdà tí òmùwẹ̀ gbé sẹ́yìn, ó parí síbi bọ́tìnnì kan níwájú àyà. Tó bá tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀wù á wú, ara rẹ̀ á fúyẹ́, yóò gòkè. Tó bá fa okùn èjìká, fáàfù mìíràn á ṣí, afẹ́fẹ́ á jáde, yóò sì rì. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò lè dúró láàárín omi, kò lọ sókè, kò lọ sísàlẹ̀, kó máa fi ọwọ́ méjèèjì ṣiṣẹ́.

Bọ́tìnnì yẹn kò ju orí àtàǹpàkò lọ. Nínú rẹ̀ ni fáàfù wà: ọ̀pá irin tín-ín-rín, sípíríǹgì kan, àti òrùka rọ́bà tó ń dí ojú ihò. Béèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ó yẹ kó padà sípò ní kíá. Tó bá kọ̀ tí kò padà, afẹ́fẹ́ á máa wọlé ṣáá, ẹ̀wù á sì gbé ẹni náà já sókè wàràwàrà, bó fẹ́ bó kọ̀. Ẹni tó bá ti ìsàlẹ̀ jíjìn já sókè bẹ́ẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè ya. Mo ti bá wọn gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi rí, n kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àbúrò mi, àbígbẹ̀yìn ìyá wa, òmùwẹ̀ ni òun náà. Iṣẹ́ rẹ̀ wà ní dáàmù kan lórí Odò Ọya, níbi tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń yọ igi àti koríko tó bá há sẹ́nu irin tí omi ń gbà wọ inú ẹ̀rọ. Èmi ni mo fi ojú rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà nígbà tó wá bá mi ní etíkun, ìyá wa kò sì tíì dárí rẹ̀ jì mí tán. Kò jẹ́ kí ọwọ́ mìíràn kan ẹ̀wù rẹ̀ àfi tèmi. Iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn, mo máa ń ṣe é dáadáa. Tirẹ̀, bí ẹni ń ṣe àlùwàlá ni mo ṣe ń ṣe é.

Màá kọ́kọ́ fi omi tó mọ́ ṣan inú ẹ̀wù náà, kí ẹrẹ̀ odò jáde. Màá tú bọ́tìnnì, màá tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, màá sì to gbogbo ohun inú rẹ̀ lé e bí wọ́n ṣe ń jáde. Bí irin bá ti dípata, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo ń rẹ ẹ́ sí. Àwọn òyìnbó ibi iṣẹ́ wa ní nǹkan tiwọn tí wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n ọsàn wẹ́wẹ́ wà lẹ́yìnkùlé mi, kò sì já mi kulẹ̀ rí. Òrùka rọ́bà tuntun ni màá fi sí i, màá fi gírísì funfun kan báyìí kàn án lára, èyí tí kò ní epo nínú, kò sì gbọdọ̀ pọ̀ ju ohun tí ojú á fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí. Lẹ́yìn náà màá so ó mọ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré tí mo rà lọ́wọ́ fọ́kanáísà kan, màá fẹ́ ẹ, màá sì tẹ̀ ẹ́ bọ inú báàfù olómi. Tí omi bá ń hó níbìkan, àbùkù wà níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ mi ni ìyá wa ń gbé. Láti ìgbà tí àbúrò mi ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dáàmù, wọn kì í wọ yàrá iwájú tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà wọlé, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà jáde. Wọn kì í pe omi ní omi tó bá ti kan ọ̀rọ̀ àbúrò mi. "Iṣẹ́ yẹn" ni wọ́n ń pè é. Bó bá wálé, wọ́n á se oúnjẹ tó fẹ́ràn, wọ́n á wo ojú rẹ̀, wọ́n á wo apá rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ní bi í léèrè kan ṣoṣo. Tó bá ti padà lọ, wọ́n á pẹ́ lórí ẹní ìkírun débi pé màá yọjú wò wọ́n bóyá nǹkan kan ń ṣe wọ́n. Ẹ̀rù omi ń ba ìyá wa lórí ọmọ yẹn, gbogbo wa ló mọ̀, a kàn gbà láti má sọ ọ́ ni.

Ohun kejì tí mo gbọ́dọ̀ sọ nípa wọn ni òrí. Nílé wa, ohunkóhun tó bá gbẹ, òrí ni. Imú tí ọyẹ́ mú gbẹ, gìgísẹ̀ tó sán, oríkèé ọmọ tuntun, àgbékọ́ ilẹ̀kùn tó ń ké, gbogbo wọn ló ń gba òrí. Nígbà tí mo ti etíkun dé pẹ̀lú etí tó ya, wọ́n ti yọ́ òrí sí i kí n tó rójú sọ pé dókítà kọ̀ ọ́. Ẹ bi wọ́n léèrè, wọ́n á ní òrí yẹn ló jẹ́ kí n ṣì máa fi etí náà gbọ́ nǹkan.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, àbúrò mi wálé gba ẹ̀wù rẹ̀. Mo ti parí iṣẹ́ lórí rẹ̀. Mo fẹ́ ẹ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó ṣì le bó ṣe wà, mo tú afẹ́fẹ́ rẹ̀, mo ká a lé orí tábìlì, mo sì jáde lọ wá epo bẹntiróò. Nígbà tí mo fi dé, ó ti gbé e sínú àpò, ó ti gun ọ̀kadà lọ sí Òmù-Àrán láti wọ ọkọ̀ Ìlọrin. Wọ́n ń retí rẹ̀ níbi iṣẹ́. Mo jókòó ti ẹ̀kọ àti àkàrà tí ìyá wa gbé kalẹ̀.

Ojú wọn ń dán láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo rí i, inú mi sì dùn, n kò mọ ohun tó fà á.

"Mo ti bá ọ parí iṣẹ́ rẹ," ni wọ́n wí.

"Iṣẹ́ wo, Ìyá?"

"Nǹkan àbúrò rẹ. Mo wọ yàrá rẹ lónìí. Mo ní n ó wò ó, ṣé kì í ṣe ohun tó ń wọ̀ nìyẹn. Mo rí ẹnu ibi tí ọ́n ń tẹ̀, ó gbẹ bí ètè ẹni tí ọyẹ́ mú. Mo yọ́ òrí díẹ̀, mo ní bísímílà, mo fi kùn ún. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tún fi sí i, mo ń tẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbé e mì. Mo ṣàdúà sí i. Ọlọ́hun á ṣọ́ ọ."

Ẹ̀kọ ọwọ́ mi bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ti lo òrí rí mọ̀ pé nínú oòrùn ó ń yọ́, nínú òtútù ó ń dì. Ìsàlẹ̀ dáàmù sì tutù, pàápàá nígbà ọyẹ́. Òrí á dì mọ́ ọ̀pá irin yẹn àti sípíríǹgì yẹn, eruku ọyẹ́ á sì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Àbúrò mi á tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan, bọ́tìnnì kò ní padà.

Mo pe fóònù rẹ̀, kò lọ. Mo tún un pè, ẹ̀rọ náà ń sọ òyìnbó sí mi létí. Mo sọ fún ìyá wa pé mo gbàgbé nǹkan kan, mo sáré jáde, mo sì pa ariwo mọ́ ọlọ́kadà tó kọ́kọ́ kọjá bí ẹni pé òun ló kun òrí náà. Eruku pupa bò wá títí a fi dé Òmù-Àrán. Gbogbo ohun tí mò ń rò lọ́nà ni pé tí mo bá pàdánù rẹ̀ ní gáréèjì, tí fóònù kò sì lọ, ó lè wọ omi lọ́la kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àwọn awakọ̀ gáréèjì yẹn, mo ti bá wọn jà tó. Wọn kì í gbéra bí ọkọ̀ kò bá kún, kódà kí oòrùn kan àárín orí. Lọ́jọ́ yẹn, mo bá ọkọ̀ náà níbẹ̀, ó ku ẹnì kan ṣoṣo kó kún. Awakọ̀ rí mi tí mò ń sáré bọ̀, inú rẹ̀ dùn.

"Ẹ wọlé, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin la ń retí!"

"N kò lọ," ni mo wí. "Mo wá mú ọ̀kan kúrò níbẹ̀ ni."

Ó bú mi díẹ̀, kò sì jẹ̀bi. Àbúrò mi sọ̀ kalẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo gbé oúnjẹ tẹ̀ lé e wá ni. Mo ṣí búùtù, mo fa ẹ̀wù náà jáde níṣojú gbogbo èèyàn. Obìnrin kan tó gbé àpò gààrí sẹ́sẹ̀ ní ṣé ẹ̀wù tí ọta ò lè wọ̀ nìyẹn, pé bí wọ́n bá ń tà á, òun ń fẹ́ ọ̀kan fún ọ̀nà oko. Mo sọ ohun tí ìyá wa ṣe fún àbúrò mi. Ó tẹ bọ́tìnnì, bọ́tìnnì padà kíá.

"Ẹ̀gbọ́n, ó mà ń padà."

"Nínú oòrùn nìyẹn. Báwo ni ìsàlẹ̀ omi yín ṣe rí báyìí?"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó rọra ká ẹ̀wù náà, ó gbé àpò rẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀, ó yá fóònù ẹnì kan láti sọ fún wọn níbi iṣẹ́ pé òun kò ní dé lónìí. A lọ dúró lábẹ́ igi máńgòrò tó wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀ mí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Ìyá gbọ́."

Inú bí mi. Mo ní, "Kí wọ́n má gbọ́ kẹ̀? Kí wọ́n lè tún un kùn nígbà mìíràn, níbi tí n kò ní sí nílé?"

"Ẹ̀gbọ́n, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fọwọ́ kàn án nìyẹn. Láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í tiẹ̀ wo àpò yìí lójú. Lónìí, wọ́n ṣàdúà sí i. Tí a bá wá sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n ṣe yẹn lè pa mí, ṣé wọ́n tún máa lè bá mi sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ yìí láyé? Ṣé oorun á tún kùn wọ́n?"

Mo ní oorun wọn kò tó ẹ̀mí rẹ̀. Ó ní òun mọ̀. Mo ní tó bá mọ̀, kí ló wá ń wí. Mo ń jà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ nínú mi pé èmi náà kò ní ẹnu tí n ó fi sọ ọ́. Ta ló fẹ́ wí fún ìyá pé ọwọ́ tó fi gbàdúà fún ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ gbé e lọ?

Nígbà tí a délé, ìyá wa dìde lórí àpótí. "Ṣé kò sí o?" Àbúrò mi ní kò sí, pé nǹkan kékeré kan kù tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ yẹ̀ wò lára ẹ̀wù. Wọ́n ní Ọlọ́hun ṣeun, wọ́n sì gba ilé ìdáná lọ. Àwa méjèèjì wọ yàrá iṣẹ́. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i kí n tó tú fáàfù náà. Mo da omi tútù nini tí mo bù nínú fíríìjì sínú báàfù, mo ri ibi bọ́tìnnì náà sínú rẹ̀, mo so họ́ọ̀sì ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, a sì jókòó tì í. Ó pẹ́ díẹ̀. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́.

Ó tẹ̀ ẹ́, ó sì gbé ọwọ́ kúrò. Bọ́tìnnì dúró síbi tó tẹ̀ ẹ́ sí.

Afẹ́fẹ́ ń wọlé. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án mọ́, ẹ̀wù náà sì ń wú, ó ń wú, ó dìde jókòó fúnra rẹ̀ lórí tábìlì, ó le gbandi, fáàfù ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń tú àpọ̀jù afẹ́fẹ́ dànù sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Àbúrò mi já họ́ọ̀sì náà. Ìgbà tí ariwo dákẹ́ la gbọ́ ìró àwo kan tó balẹ̀. Ìyá wa ni. Wọ́n gbé oúnjẹ wá fún wa, ẹnu ọ̀nà tí wọn kì í gbà ni wọ́n dúró sí.

"Kí ló ń ṣe é?"

Wọ́n wọlé, wọ́n tẹ̀ba wo báàfù náà. Òrí ti dì sẹ́nu bọ́tìnnì, ó funfun, ó hàn kedere. Wọ́n wo àtàǹpàkò ọwọ́ wọn.

"Tó bá ṣe báyìí nínú omi ńkọ́?" Èmi ni wọ́n bi, wọn kò bi àbúrò mi.

Mo sọ ọ́. Mo gé e kúrú, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. N kò mọ bí mo ṣe lè purọ́ pẹ̀lú ẹ̀wù náà tó jókòó síwájú wa bẹ́ẹ̀.

Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Èmi ni," ni wọ́n wí. "Èmi tí mo bí i."

Mo ní, "Ìyá, ẹnu yín náà ló gbà á là. Tí ẹ kò bá sọ fún mi lórí àkàrà, n kò ní mọ̀."

"Ká ní mo dákẹ́ ńkọ́?"

Wọ́n ní láti òní lọ, àwọn kò ní fọwọ́ kan ohunkóhun tó jẹ́ ti ọmọ yìí mọ́, ìbáà ṣe aṣọ tó bọ́ sílẹ̀ fún fífọ̀. Wọn kò sunkún. Ojú wọn gbẹ, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú fáàfù náà nítorí pé n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Mo fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ dúdú fọ ọ̀pá, mo fọ sípíríǹgì, mo ju òrùka rọ́bà nù, mo fi tuntun sí i. Mo tún un rì sínú omi tútù náà, mo tẹ̀ ẹ́, ó padà. Gbogbo àsìkò yẹn, wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìborùn wọn.

Àbúrò mi ló gbé ẹ̀wù náà lọ bá wọn. Ó ní, "Ìyá, ẹ dìde, ẹ wọ̀ ọ́."

"Mo ní n kò fọwọ́ kàn án mọ́."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án. Èmi á wọ̀ ọ́ fún yín."

Ó fà wọ́n dìde, ó wọ̀ ọ́ fún wọn lórí bùbá, ó ń so okùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fún un, ó sì so họ́ọ̀sì ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ padà mọ́ ọn. Ó tóbi fún wọn púpọ̀. Nígbà mìíràn, mi ò bá ti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹja àgbà dé. Ó yọ àtàǹpàkò wọn jáde lábẹ́ ìborùn, ó gbé e lé bọ́tìnnì, ó fi tirẹ̀ lé e, wọ́n sì jọ tẹ̀ ẹ́. Afẹ́fẹ́ wọlé díẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò, bọ́tìnnì padà, wọ́n tẹjú mọ́ ọn. Wọ́n tún un tẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnì kan ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀wù náà ń wú lára wọn, ó ń fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fún wọn lẹ́yìn, títí kò fi sí àyè láàárín wọn àti rẹ̀.

"Nísàlẹ̀, n kì í rí nǹkan kan, Ìyá," ni àbúrò mi wí. "Omi yẹn dúdú. Èyí nìkan ni mo máa ń mọ̀ lára."

"Bí ọ̀já," ni wọ́n wí.

"Bí ọ̀já, mà."

Ìgbà yẹn ni ẹkún dé. Èmi náà kọjú sí ògiri, mo ń wá ohun tí n kò sọ nù. Àbúrò mi fi okùn èjìká hàn wọ́n, ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ń fà kí afẹ́fẹ́ lè jáde, ó sì na ọwọ́ láti bá wọn fà á. Wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má tíì tú u," ni wọ́n wí. "Jẹ́ kí n mọ bó ṣe ń dì ọ́ mú."